Oríkèé Ríro: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Orúnkún Tí A Fi Ń Kírun



Ẹni tó bá ti ń bá wa bọ̀ ní asalátù láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rántí pé àga méjì péré la máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún àwọn àgbàlagbà. Ní báyìí, àga ti di odindi ìlà kan, kì í sì í ṣe arúgbó nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Àwọn ìyá tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún wà níbẹ̀, àwọn bàbá tó ń wakọ̀ jẹun náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn: "Orúnkún ni o." Ẹlòmíràn á ní, "Làkúrègbé ni, ó ti bá mi dàgbà."

Ìdí nìyí tí a fi yan ọ̀rọ̀ oríkèé ríro fún ẹ̀kọ́ ìlera wa lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé kò pọ̀. Oríkèé tó ń ro ní ìtọ́jú. Ìtọ́jú náà kì í ṣe hóró oògùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa.

Nínú hádíìsì kan tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá, àwọn ará oko kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n wá a, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó nìkan. Àwọn kan nínú wa ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di àwáwí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i, ogbó ló wà ní orúnkún mi." Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni ogbó, ọ̀tọ̀ ni àìsàn tó ń bá ogbó rìn. A kò lè dá ọjọ́ orí padà, ṣùgbọ́n a lè dín ìrora kù, a sì lè mú kí ẹsẹ̀ lágbára ju bó ṣe wà lọ.

Kí ni oríkèé?

Oríkèé ni ibi tí egungun méjì ti pàdé, tí ara fi lè ṣẹ́, tó sì fi lè nà. Ọlọ́hun Ọba kò jẹ́ kí egungun máa ha egungun níbẹ̀. Ó fi egungun rírọ̀ kan tó ń dán bo orí méjèèjì, irú èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa họ jẹ ní orí egungun itan adìẹ. Ó fi omi díẹ̀ tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin sáàárín wọn, ó sì fi iṣan dè wọ́n yíká kí wọ́n má baà yẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú egungun rírọ̀ yìí. Inú omi tó yí i ká ló ti ń rí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde lára rẹ̀. Nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀, á tún fa omi mu, gẹ́gẹ́ bí kànìnkànìn tí a fún tí a sì tún rì sínú omi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ebi ń pa oríkèé tí kì í rìn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó wá jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ìrora, ń fi kún ohun tó ń sá fún ni.

Ẹ tún wo ìrun wa. Ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan jẹ́ ráká 17. Ìforíkanlẹ̀ 34 ló wà nínú rẹ̀, kí á tó ka nàfílà. Orúnkún tó ń ṣẹ́ tó sì ń nà báyìí lójoojúmọ́, nǹkan ìní ńlá ni. Ó yẹ kí á tọ́jú rẹ̀ kó tó di pé a ń wá àga.

Gbogbo oríkèé ríro kọ́ ni ọ̀kan náà

A máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní làkúrègbé, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni, ìtọ́jú wọn kò sì bára mu.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Egungun rírọ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ó sábà máa ń mú orúnkún, ìbàdí, ẹ̀yìn àti oríkèé ìka ọwọ́. Ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí a bá ń lo ẹsẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí a bá ń dìde nílẹ̀. Bí a bá sinmi, á rọlẹ̀. Lówùúrọ̀, ara á le díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, á ti tú. Ara sísanra jù, ọjọ́ orí, ẹsẹ̀ tó ti fara pa rí, àti iṣẹ́ tó ní ẹrù rírù tàbí ìlóṣòó púpọ̀ ni wọ́n máa ń fà á.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí wọ́n máa gbèjà ara ló yí padà tí wọ́n ń bá oríkèé jà. Ó sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ní ọrùn ọwọ́ àti ìdí ìka. Oríkèé á wú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ lè le fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń mú ọ̀dọ́, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kí ẹni tó bá rí àmì yìí má fi oṣù falẹ̀. Oògùn tó ń dá ìjà náà dúró wà, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni oríkèé kò fi ní wọ́.

Ẹ̀kẹta ni gout. Lóru lójijì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jùlọ. Ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, aṣọ ìbora pàápàá kò ní ṣeé fi kàn án. Èròjà kan tó ń jẹ́ uric acid ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó wá dì bí iyọ̀ sínú oríkèé. Ẹran pupa àti ẹran inú bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín máa ń dá kún un. Ẹ rántí èyí ní ọjọ́ iléyá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀ náà lè fà á, nítorí náà ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà yín.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Egungun ríro tiwọn kì í ṣe làkúrègbé. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń tiro, tó ń sọ pé ìbàdí ń dun òun, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé àìsàn náà lè ba orí egungun itan jẹ́.

Nígbà tí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ọjọ́ náà gan-an ni kí á lọ. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ inú oríkèé, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bákan náà ni ẹni tó ṣubú tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, àti ọmọdé tí oríkèé ń ro tí ara rẹ̀ sì gbóná. Ẹni tí ìrora ń jí lójú oorun lóru, tó sì ń rù láìmọ ìdí, kò gbọdọ̀ dúró sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa kan

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbà wá láàyè láti sọ èyí, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ọjà ló ń tà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló sì ń ro. Ẹnìkan mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kiri oògùn, ìyẹn sì di hóró oríṣi márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré fún un, ó ní kó máa lo dídì kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ọjọ́ kẹta, ìyá wa forí kanlẹ̀ láìkérora. Inú rẹ̀ dùn, inú àwa náà dùn. Ó jẹ́rìí rẹ̀ fún wa, mẹ́ta nínú wa sì lọ rà nínú rẹ̀.

Bí oṣù mẹ́fà ṣe ń lọ, ojú rẹ̀ yí roboto, a sì ń kí i pé ara rẹ̀ ń dán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru, a kò mọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá Àsùbáà, ó sì dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ló tó sọ pé ó ti di ọjọ́ méjì tí ìgbẹ́ òun ti ń dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọgbẹ́ inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, Ọlọ́hun sì dá a sí.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé oògùn apàrora líle méjì ló wà nínú dídì náà, pẹ̀lú oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní steroid. Orúnkún ìyá wa kò sì sàn rárá. Ẹnu ìrora nìkan ni wọ́n pa mọ́. Láti ọjọ́ náà la ti pinnu pé a kò ní jẹ́rìí oògùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ fún ara wa mọ́.

Ìmọ̀ díẹ̀ nípa oògùn

Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam wà nínú àwọn apàrora líle. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín kò gbọdọ̀ lò wọ́n láìjẹ́ pé dókítà yọ̀ǹda. A kì í lo méjì pọ̀. A kì í fi sínú òfìfo. Nínú àwẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ìṣínu tàbí lẹ́yìn sààrì ni kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún lò ó.

Fún orúnkún, oògùn apàrora tí a ń fi pa ara ló yẹ kí á kọ́kọ́ gbìyànjú. Díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré.

Paracetamol lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Hóró méjì tó jẹ́ 500 mg ni àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ yẹ oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ẹ̀fọ́rí wò pẹ̀lú, nítorí pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Dexamethasone àti prednisolone ni àwọn steroid tó wọ́pọ̀ jù nínú oògùn àpòpọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ gidi tí dókítà ń fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bí a bá lò wọ́n pẹ́ láìsí olùtọ́jú, wọ́n ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó bá ti fi oṣù lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí pé ara lè dákú. Kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa dín in kù fún un.

Àgbo ńkọ́? A kò bú oògùn àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n àgbo inú ìgò tó bá ń pa ìrora lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ẹ fura sí i. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ti rí oògùn òyìnbó tí wọ́n lọ̀ sínú irú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rà. Ní ti híjámà, Sunnah ni, àwọn kan sì ń rí ìtura nínú rẹ̀. Kí abẹ rẹ̀ jẹ́ tuntun fún olúkúlùkù, kí ẹni tó ń ṣe é wọ ìbọ̀wọ́ mímọ́, kí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Abẹ tí a fi sín ènìyàn méjì lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV ranni. Òfin yìí kan náà ló de gbẹ́rẹ́.

Ohun tí a lè ṣe fúnra wa

Èkíní ni ìwọ̀n ara. Àwọn oníwádìí ti wọ̀n ọ́n pé kílò kan tí ẹni tó sanra bá fọ̀n, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fọ̀n kílò márùn-ún, ẹrù bí ogún kílò ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un, ẹ jẹ́ kí omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Èkejì ni iṣan itan. Iṣan tó wà níwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Bí ó bá rọ, orúnkún nìkan ni yóò gbé e. Ẹ so èyí mọ́ ìrun yín kí ẹ má baà gbàgbé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí tàsíbáhù Àsùbáà àti ti Ìṣáì:

1. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ na ẹsẹ̀ kan tààrà síwájú, ẹ mú itan le, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, kí ẹ sì rọra jókòó padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà márùn-ún, kí ẹ máa fi kún un. Bí kò bá rọrùn, ẹ lo àga tó ga díẹ̀.
3. Ẹ rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi kún un títí yóò fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ó lè dùn yín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìrora bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò léwu, ẹ tẹ̀síwájú. Bí orúnkún bá wú, ẹ dín in kù. Kí á fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí á tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ooru àti òtútù. Bí oríkèé bá le, ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dì í fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá wú tó sì gbóná, ẹ wé omi inú ọ̀rá tó ti dì mọ́ aṣọ, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ẹlòmíràn dán omi wò, kó má baà jóná láìmọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pá. Ẹ mú un sí ọwọ́ tí kì í ṣe ìhà ẹsẹ̀ tó ń dùn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń mú un sí òdìkejì èyí.

Ìrun, àlùwàlá àti ilé ìgbẹ́

Imrān ọmọ Husayn, ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu, béèrè nípa ìrun rẹ̀ lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ìdáhùn tó gbà, gẹ́gẹ́ bí Bukhārī ṣe gbà á wá, ni pé kí ó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lágbára rẹ̀, ní ìjókòó. Bí kò bá lágbára ìyẹn, ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ìrọ̀rùn ni èyí, kò yẹ kí á tijú rẹ̀, kò sì yẹ kí á sá lọ síbẹ̀ láìnídìí.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ pé ohun tí a lè ṣe nínú ìrun kò bọ́ lọ́rùn wa nítorí èyí tí a kò lè ṣe. Ẹni tó lè dúró, tí kò lè forí kanlẹ̀, yóò dúró ka Fātihah rẹ̀, yóò sì jókòó sórí àga nígbà ìforíkanlẹ̀, yóò tẹrí ba ju ti rúkúù lọ. Dókítà orúnkún gan-an fẹ́ràn èyí, nítorí pé ìdúró àti ìjókòó yẹn, eré ìdárayá ni. Kí olúkúlùkù mú bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ bá àlùfáà rẹ̀. Ẹni tó ṣì lè forí kanlẹ̀, kí ó fi aṣọ kíká sábẹ́ orúnkún. Bí ó bá fẹ́ dìde, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú. Bí ìjókòó àtáhíyà bá ń dùn ún, kí ó jókòó bí ó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní àlùwàlá, ẹ gbé àpótí sí ìdí ẹ̀rọ omi, ẹ jókòó fọ ẹsẹ̀ yín. Púpọ̀ àgbàlagbà ló ń ṣubú nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí ilẹ̀ tútù. Nígbà ọyẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí á lọ́ omi.

Ilé ìgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wa kì í lè sọ. Ẹni tí kò lè lóṣòó mọ́ lè máa sá fún omi mímu kó má baà lọ tọ̀, ìyẹn sì ń kó àìsàn mìíràn bá a. Ìtọ̀ lè máa ta sí i láṣọ, tí ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ nítorí ìrun. Ẹ bá wọn kan àga tó ní ihò láàárín sórí ṣáláńgá, ẹ kan igi ìdìmú mọ́ ògiri. Owó káfíńtà ọjọ́ kan ni, ẹ̀tọ́ òbí lọ́rùn ọmọ sì ni.

Ẹni tó ń múra Hájì lọ́wọ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Sááyì láàárín Sọ́fá àti Máríwá nìkan ju kílómítà mẹ́ta lọ. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbà á, àga onítáyà kì í ṣe àbùkù. Ummu Salamah ṣàìsàn, Ànábì sì ní kí ó gun ẹran lẹ́yìn àwọn ènìyàn láti rọ̀kirikà Kaaba.

Ìparí

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Ní asalátù tó ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún ìrora sínú ọ̀rá kan wá, àti èyí tó ní orúkọ, àti èyí tí kò ní. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wa yóò yẹ̀ wọ́n wò ní kọ̀rọ̀, wọn yóò sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Àwa náà ti rà nínú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn àdúà, a ó jọ na ẹsẹ̀ lórí àga, àtọmọdé àtàgbà.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ara líle láti máa sìn Ín, kí Ó fi àlàáfíà sí gbogbo oríkèé wa, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Āmīn.